Agbára Kò Sọ Ilẹ̀ Aládùúgbò Di Tẹni

Ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù Kejì, ọdún 2022, Ìgbìmọ̀ Ààbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pe ìpàdé pàjáwìrì ní New York. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni Ààrẹ Vladimir Putin ti Rọ́ṣíà fọwọ́ sí ìwé pé Donetsk àti Luhansk, agbègbè méjì ní ìlà-oòrùn Ukraine, kì í ṣe ara Ukraine mọ́, pé orílẹ̀-èdè olómìnira ni wọ́n. Àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà tó lé ní 100,000 ti wà létí ààlà Ukraine fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà. Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé yìí, Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀, Faransé náà sọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé wá ń gbé kiri lẹ́yìn náà, ẹnu ọmọ Áfíríkà kan ló ti jáde. Martin Kimani ni orúkọ rẹ̀, òun ni aṣojú Kẹ́ńyà nígbà náà.

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n, a mọ ohun tí àwọn kan nínú yín yóò sọ. Kí ló kàn wá nínú ìjà òyìnbó sí òyìnbó? Ẹni tí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ kò tíì pé, ṣé ọ̀rọ̀ Ukraine ni yóò máa gbọ́? Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀, a kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀, nítorí ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ukraine jẹ́ ara Soviet Union àtijọ́, tí Moscow jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, ọdún 1991, àwọn ará Ukraine dìbò, àwọn tó ju 90 lọ nínú 100 ló ní òmìnira ni àwọn fẹ́. Rọ́ṣíà gbà bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀ tó ń ba gbogbo ayé lẹ́rù: àwọn ohun ìjà átọ́míìkì tí Soviet kó sórí ilẹ̀ Ukraine. Wọ́n pọ̀ débi pé, lẹ́yìn Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà, kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tó ní tó bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ rẹ̀. Lóòótọ́, Moscow ni àṣẹ láti yìn wọ́n wà. Síbẹ̀, inú ọgbà Ukraine ni wọ́n wà, ó sì lè ṣòro láti gbà wọ́n bó bá yarí.

Kò yarí. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá, ọdún 1994, ní ìlú Budapest ní Hungary, Ukraine, Rọ́ṣíà, Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì jókòó, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé. Ukraine yóò jọ̀wọ́ gbogbo ohun ìjà náà. Àwọn mẹ́ta yòókù ṣe ìlérí pé àwọn yóò bọ̀wọ̀ fún òmìnira rẹ̀ àti fún ààlà rẹ̀ bó ṣe wà, pé àwọn kò ní fi ogun halẹ̀ mọ́ ọn, àwọn kò sì ní gbé ogun tì í. Wọ́n tún fi kókó kan kún un tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí: pé àwọn kò ní fi ọ̀rọ̀ ajé ni ín lára láti sọ ọ́ di ẹni tí yóò máa ṣe ìfẹ́ inú àwọn. Nígbà tó fi máa di ọdún 1996, ohun ìjà tó gbẹ̀yìn ti kúrò ní Ukraine. Ó mú tirẹ̀ ṣẹ pátápátá.

Ẹ wo ìlérí kẹta yẹn dáadáa, torí pé ibẹ̀ ni ìnira ti bẹ̀rẹ̀. Alágbára tó fẹ́ jẹ gàba lórí aládùúgbò rẹ̀ kì í kọ́kọ́ yọ ìbọn. Àpò ni ó ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2006, Rọ́ṣíà ti ẹ̀rọ gáàsì pa mọ́ Ukraine nígbà òtútù. Ó tún ṣe é ní oṣù Kìíní ọdún 2009, èyí sì le débi pé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Yúróòpù tí gáàsì wọn ń gba Ukraine kọjá wà nínú òtútù fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀rọ̀ gbèsè àti iye owó wà níbẹ̀, a kò ní purọ́ mọ́ Rọ́ṣíà. Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù Keje ọdún 2013, tí Ukraine ń múra láti bá Àjọ Yúróòpù ṣe àdéhùn ìṣòwò, Rọ́ṣíà fòfin de ṣokoléètì ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Ukraine pé kò dára fún ara. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ẹrù láti Ukraine tò sí ẹnubodè bí ọkọ̀ Apapa, àwọn aṣọ́bodè Rọ́ṣíà ń tú wọn palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ayé mọ ohun tí wọ́n ń sọ láìlanu.

Ààrẹ Ukraine nígbà náà, Viktor Yanukovych, fi àdéhùn Yúróòpù sílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá. Àwọn aráàlú tú sí ìgboro Kyiv nínú òjò dídì, ọ̀rọ̀ di ẹ̀jẹ̀, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó kú, Yanukovych sì sá lọ ní oṣù Kejì ọdún 2014. Kò pẹ́ rárá tí àwọn ọmọ ogun tí kò ní àmì lára aṣọ fi gba Crimea. Moscow kọ́kọ́ ní òun kò mọ̀ wọ́n. Ní oṣù Kẹrin, Putin fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ọmọ ogun Rọ́ṣíà wà níbẹ̀. Wọ́n ṣètò ìdìbò ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta pẹ̀lú ìbọn ní ìgboro, nígbà tó di ọjọ́ 18, Rọ́ṣíà ti kéde pé Crimea di tòun.

Àwa tí a mọ ìtàn Nábótì mọ irú èyí. Áhábù kò kàn já wọ ọgbà àjàrà náà. Ó kọ́kọ́ fi owó lọ̀ ọ́. Nígbà tí Nábótì kọ̀, wọ́n kọ ìwé, wọ́n fi òǹtẹ̀ ọba lù ú, wọ́n pe ìpàdé àwọn àgbààgbà, wọ́n wá ẹlẹ́rìí méjì. Gbogbo rẹ̀ dà bí òfin lójú ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀. Ìwà ìrẹ́jẹ fẹ́ràn ìwé, ó fẹ́ kí á fi ọwọ́ sí ohun tó jí. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi ìwé ẹ̀hónú ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ń fi ìwé gba ilẹ̀, ìwé náà ni a kọ́kọ́ fi ń kọ̀ fún un.

Kí wọ́n má baà ní a gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dájọ́, Rọ́ṣíà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ó ní àwọn orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn ń fi NATO, ẹgbẹ́ ológun wọn, sún mọ́ òun. Bẹ́ẹ̀ ni: Poland, Hungary àti Czech wọ NATO ní ọdún 1999, àwọn mìíràn tẹ̀ lé wọn ní ọdún 2004, ní oṣù Kẹrin ọdún 2008 NATO sì sọ ní Bucharest pé Ukraine àti Georgia yóò di ọmọ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹ̀rù Rọ́ṣíà lè jẹ́ òtítọ́. Bí aládùúgbò rẹ bá ń bá ẹni tí ìwọ kò fẹ́ ṣọ̀rẹ́, ó lè dùn ọ́ wọra. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò fún ọ ní àṣẹ láti fo ògiri wọlé rẹ̀ kí o sì máa gbé yàrá rẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè tó sá wọ NATO náà, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó ń lé wọn.

Èyí tó wá kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni ẹjọ́ kejì. Putin kọ ọ́ ní oṣù Keje ọdún 2021, ó sì tún sọ ọ́ lálẹ́ tó fọwọ́ sí ìwé yẹn, pé ará Rọ́ṣíà àti ará Ukraine, ọ̀kan náà ni wọ́n, pé ìtàn ló so wọ́n pọ̀, pé àwọn ìjọba tó ti lọ ló fa ààlà náà bó ṣe wù wọ́n. Ẹjọ́ yìí ni Kimani gbà mú.

Ó ní Kẹ́ńyà àti èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ni a bí nígbà tí ìjọba amúnisìn kógbá sílé. Àwa kọ́ ni a fa ààlà wa. London, Paris àti Lisbon ni wọ́n ti fà á, wọn kò sì bìkítà fún àwọn ìlú àti ẹ̀yà tí wọ́n ń là sí méjì. Ó ní lónìí, kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan tí àwọn ará rẹ̀, tí wọ́n jọ ní ìtàn, àṣà àti èdè, kò sí ní òdìkejì ààlà. Bó bá jẹ́ pé nígbà òmìnira a ní kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan dá orílẹ̀-èdè tirẹ̀ ní, ogun ni à bá ṣì máa jà títí di òní. Nítorí náà a gba ààlà tí a bá nílẹ̀, kì í ṣe pé ó tẹ́ wa lọ́rùn, bí kò ṣe pé ohun tó dára jù ú lọ ni à ń wá, ní àlàáfíà. Ó ní Kẹ́ńyà kò sọ pé kí ènìyàn má fẹ́ràn àwọn ará rẹ̀ tó wà lókè ààlà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ipá ni a fi ń wá irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni lágbàáyé bá yẹ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí yé, àwa Yorùbá ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe àdéhùn lórí ibi tí ilẹ̀ oníkálukú wọn yóò dé. Nígbà tí wọ́n fi máa fa ìlà náà tán, Kétu, níbi tí Alákétu jókòó sí, bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ tó wà lábẹ́ Kétu bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Sábẹ̀ẹ́ náà wà lọ́hùn-ún di òní. Ọmọ ìyá méjì, ọ̀kan ń kọ́ Faransé nílé ẹ̀kọ́, èkejì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tún ń pàdé lọ́jà láti sọ Yorùbá. Ìyẹn dùn wá, kò sì yẹ kó má dùn wá.

Ṣùgbọ́n bí ìjọba kan ní Abuja bá jí lọ́la, tó ní kí àwọn ológun lọ mú Kétu wá sílé nítorí pé ọmọ Yorùbá ni wọ́n, ta ni àdó olóró yóò kọ́kọ́ bá? Kì í ha ṣe àwọn Yorùbá Kétu náà ni? Kharkiv nìyẹn. Ìlú tí èdè Rọ́ṣíà gbilẹ̀ níbẹ̀ bí i gáàrì lọ́jà, òun wà lára ìlú tí Rọ́ṣíà kọ́kọ́ rọ̀jò àdó lé lórí. Ẹni tó ní òun wá gba ará òun là, ará rẹ̀ náà ló ń pa.

Kẹ́ńyà kò sọ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni tó kà á nínú ìwé. Ní Cairo, ní oṣù Keje ọdún 1964, àwọn olórí Áfíríkà pinnu pé àwọn yóò bọ̀wọ̀ fún ààlà tí wọ́n bá nígbà òmìnira. Somalia kò fara mọ́ ọn, torí pé àwọn ọmọ Somali wà ní Kẹ́ńyà àti Ethiopia. Ní ọdún 1977 ó gbógun wọ Ethiopia láti gba Ogaden. Wọ́n lé e padà ní ọdún 1978, a sì mọ ohun tí ojú Somalia ti rí láti ìgbà náà.

Ẹ̀hónú náà kò dá ogun dúró. Ní alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù Kejì, Ìgbìmọ̀ Ààbò tún pé jọ, bí wọ́n sì ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ìròyìn dé pé ogun ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé aṣojú Rọ́ṣíà gan-an ni alága ìgbìmọ̀ náà lóṣù yẹn. Aṣojú Ukraine, Sergiy Kyslytsya, wo ojú rẹ̀, ó ní kò sí pọ́gátórì fún ọ̀daràn ogun, ọ̀run àpáàdì tààrà ni wọ́n ń lọ. (Àwa tí a kò gba ẹ̀kọ́ pọ́gátórì gbọ́ kò ní bá a jiyàn lórí èyí.) Ní ọjọ́ 25, orílẹ̀-èdè 11 nínú 15 dìbò láti dá Rọ́ṣíà lẹ́bi, Kẹ́ńyà, Ghana àti Gabon wà lára wọn. Ṣáínà, Íńdíà àti United Arab Emirates ta kété. Rọ́ṣíà nìkan ló ní rárá, rárá tirẹ̀ nìkan sì tó láti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, nítorí ó wà lára àwọn márùn-ún tí àṣẹ ìfagilé wà lọ́wọ́ wọn. Ẹlẹ́ṣẹ̀ tún ni adájọ́.

Ọ̀rọ̀ náà wá lọ sí Àpéjọ Gbogbogbòò, níbi tí kò sí àṣẹ ìfagilé, tí orílẹ̀-èdè kékeré àti ńlá ní ìbò kan péré. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta, orílẹ̀-èdè 141 ní kí Rọ́ṣíà kó ogun rẹ̀ kúrò. Márùn-ún péré ló lòdì sí i: Rọ́ṣíà fúnra rẹ̀, Belarus, Eritrea, Kòríà ti Àríwá àti Síríà. Àwọn 35 ta kété. Nàìjíríà dìbò fún un, Bẹ̀nẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú orílẹ̀-èdè Áfíríkà 54, 28 péré ló dìbò fún un. 17 ta kété, South Africa àti Senegal wà níbẹ̀. Mẹ́jọ kò dìbò rárá, Togo sì wà nínú wọn. Àwa kò gbà pé ìtakété yìí jẹ́ ọgbọ́n. Bí wọ́n bá ń lu ọmọdé lójúde, tí àgbàlagbà kan ní òun kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ẹni tó ń luni ló ti wà lẹ́yìn rẹ̀.

A gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nílé: Amẹ́ríkà ńkọ́? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá, ọdún 1983, Amẹ́ríkà gbógun wọ Grenada, erékùṣù tí ènìyàn inú rẹ̀ nígbà náà kò tó ti ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Èkó. Ìgbìmọ̀ Ààbò fẹ́ bá a wí, Amẹ́ríkà fagi lé e. Àpéjọ Gbogbogbòò dá a lẹ́bi ní ìbò 108 sí 9. Ààrẹ Reagan sì ní èyí kò dí òun lọ́wọ́ oúnjẹ òwúrọ̀ òun rárá. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà, ọdún 1986, Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé dá Amẹ́ríkà lẹ́bi pé ó ń ran ọlọ̀tẹ̀ lọ́wọ́ ní Nicaragua, ó sì ri bọ́ǹbù sí inú omi èbúté wọn. Amẹ́ríkà kọ̀, kò san nǹkan kan. Iraq ti ọdún 2003, ẹ̀yin náà rí i. Kimani kò yẹ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀: ó sọ ọ́ ní gbangba níbẹ̀ pé àwọn alágbára, àti àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ náà pàápàá, ti ń tẹ òfin àgbáyé mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kò lo ẹ̀ṣẹ̀ Amẹ́ríkà láti bo ti Rọ́ṣíà mọ́lẹ̀. Ẹjọ́ olè kan kì í dá olè kejì sílẹ̀.

Ǹjẹ́ ẹ̀hónú orí ìwé wá wúlò nígbà náà? Ẹ jẹ́ kí á wo ilé wa. Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù jà lórí Bakassi fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀mí sì ṣòfò. Nàìjíríà ni alágbára níbẹ̀, nínú iye ènìyàn, nínú owó, nínú ọmọ ogun. Kamẹrúùnù gbé ẹjọ́ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní ọdún 1994. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá, ọdún 2002, ilé ẹjọ́ ní Kamẹrúùnù ló ni ín. Inú bí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, àwọn kan ní kí á jagun. A kò jagun. Kofi Annan bá wọn dá sí i, Ààrẹ Obasanjo àti Ààrẹ Biya fọwọ́ sí àdéhùn Greentree ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, ọdún 2006, àwọn ọmọ ogun wa bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò ní oṣù Kẹjọ, wọ́n sì fa ìyókù lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ, ọdún 2008. Alágbára gbọ́ràn sí ìwé. Àwa ni alágbára ọ̀hún.

Kò rọrùn o, a kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ bí ẹni pé ó rọrùn. Àwọn apẹja Bakassi tó padà sí Cross River kò rí ibùgbé tàbí omi tó ṣeé pẹja bí ìjọba ṣe ṣèlérí, ìtìjú ni èyí sì jẹ́ fún wa títí di òní. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọn wà láàyè láti máa béèrè ẹ̀tọ́ wọn. Ìyá tí bọ́ǹbù pa ọmọ rẹ̀ ní Mariupol kò ní ẹ̀tọ́ kankan láti béèrè tí yóò dá ọmọ náà padà. (Ó sì yà wá lẹ́nu pé Kamẹrúùnù, tí òfin yìí gan-an gba Bakassi fún, wà lára àwọn tí kò dìbò lọ́jọ́ kejì oṣù Kẹta yẹn. Àwọn ènìyàn tètè ń gbàgbé àkàbà tí wọ́n fi gun òkè.)

Níwọ̀n bí a ti ń sọ òtítọ́, ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ dé ìdí. Àwa náà lápò tí a ń fi ń ni aládùúgbò lára. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ pa nítorí ìrẹsì fàyàwọ́, kò sì ṣí wọn títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020. Fàyàwọ́ ń pa àgbẹ̀ wa lára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Bẹ̀nẹ̀ tó kéré sí wa ló jẹ ìyà jù, àti àwọn ìyálọ́jà Sẹ̀mẹ̀ àti Ìdí-Ìrókò tí tòmátì àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó wọn jẹrà sínú ọkọ̀. Ní ọdún 2023, nígbà tí ológun gbàjọba ní Niger, a gé iná mọ̀nàmọ́ná tí a ń tà fún wọn. Àwọn ológun tó gbàjọba kọ́ ló jókòó sínú òkùnkùn jù, àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn àti àwọn tó ń ta omi tútù ni. Èyí kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú bíbọ́ǹbù ìlú, a kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹbí ni wọ́n ṣáá.

Ogun Ukraine náà kò sì fi wá sílẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Ukraine lé ní ẹgbẹ̀rún mélòó kan. Nígbà tí wọ́n sá dé ẹnubodè Poland, wọ́n já àwọn aláwọ̀ dúdú bọ́ lórí ọkọ̀ ojú irin, wọ́n fi wọ́n sẹ́yìn nínú òtútù. Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà fi ẹ̀hónú hàn ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì, ó ní ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni. Ó dára bẹ́ẹ̀. A lè bá Ukraine kẹ́dùn kí á sì bá ẹni tó ti ọmọ wa kúrò lórí ìlà wí, ẹnu kan náà la fi ń ṣe méjèèjì. Àlìkámà wọ́n gógó lọ́dún náà pẹ̀lú, ẹ̀yin tó ń ra búrẹ́dì mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kà á fún yín.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì, ọdún 2025, tí ogun náà pé ọdún mẹ́ta, Àpéjọ Gbogbogbòò tún dìbò. Àwọn 141 ti dín kù sí 93. Àwọn 65 ta kété, 18 lòdì. Lára àwọn 18 náà ni Amẹ́ríkà, tó fọwọ́ sí ìwé Budapest, tó ṣèlérí fún Ukraine lójú ayé. Ó dìbò pa pọ̀ pẹ̀lú Rọ́ṣíà. Nicaragua tó gba ìdájọ́ lórí Amẹ́ríkà ní ọdún 1986 wà níbẹ̀, Niger tí a gé iná rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ lè ka orúkọ wọn fún ọmọ yín bí ẹ̀kọ́ nípa ayé.

Síbẹ̀, láti ọdún 2014 títí di òní, Àpéjọ Gbogbogbòò kò tíì gbà pé Crimea jẹ́ ti Rọ́ṣíà. Ní ọdún 2014 náà, Nàìjíríà wà lórí Ìgbìmọ̀ Ààbò, ó sì wà lára àwọn 13 tó dìbò lòdì sí ìdìbò Crimea ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta kí Rọ́ṣíà tó fagi lé e. A kò rántí pé ẹnikẹ́ni yìn wá nílé fún un, bóyá nítorí pé ọ̀pọ̀ wa kò gbọ́ rárá.

Ìbò mìíràn ń bọ̀, lórí Ukraine tàbí lórí ilẹ̀ mìíràn tí aládùúgbò rẹ̀ bá tóbi jù ú lọ. Aṣojú wa ní New York kì í dá ìpinnu ṣe. Abuja ni wọ́n ti ń fún un ní ìtọ́sọ́nà, ilé aṣòfin méjèèjì sì ní ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn sẹ́nétọ̀ àti ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin tí a dìbò yàn ló ń ṣojú wa níbẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn kí ẹ béèrè bí Nàìjíríà ṣe dìbò ní oṣù Kejì ọdún 2025 àti ìdí rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá bó bá wù yín, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́.